Ọnà gbogbogbòò àbí ọnà àjùmọ̀ní?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n kan béèrè lánàá pé kí ni ká máa pe ère àti àwòrán tí ará àdúgbò jọ ṣe sínú ọgbà ìgbafẹ́ láàárín ìgboro, kí èèyàn lè tún sún mọ́ igi, omi àti ẹyẹ. Àwọn kan ní "ọnà ìta", àwọn kan ní "ọnà gbogbogbòò".

Ẹ jẹ́ ká gbé "ọnà ìta" sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù, ọ̀nà tó já síta ni òǹkàwé máa kà.

"Gbogbogbòò" gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ ilé ìwòsàn gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó kà á sí tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn sọ ẹni tó lè wo ọnà, kò sọ ẹni tó ṣe é, kò sì sọ ẹni tó máa dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ayùn dé ìdí igi.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló wà lọ́kàn mi. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ti ń fojú sí i, àwọn ọdẹ ń pa ẹran ibẹ̀, nígbà tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú jọ dìde. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Kàsálí Àkàngbé (ẹ gbọ́ "ọnà" nínú orúkọ iṣẹ́ yẹn). Wọ́n fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì àti irin mọ ojúbọ àti ère sáàárín igi, ẹni tó bá sì fẹ́ gégi ibẹ̀ á kọ́kọ́ fojú kojú pẹ̀lú wọn. Lónìí, hẹ́kítà 75 ni igbó náà, ó sì wọ ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO lọ́dún 2005.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá "ọnà àjùmọ̀ní". Ẹnìkan lè sọ pé ó dún bí orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn: kí kálukú mọ̀ pé òun ní ìpín níbẹ̀. "Àjọṣe" ì bá dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ ti gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tó wà níbí, kí ni àwọn àgbà ilé yín ń pe àwọn ère yẹn?