Flange axle ẹ̀yìn ò bá ti propeller mu: ṣé kí n fẹ ihò rẹ̀ ni?

Awakọ̀ Ìdúmọ̀tà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. HiAce àtijọ́ kan ni mo fi ń kó ẹrù aṣọ láti Ìdúmọ̀tà lọ sí Òṣòdì. A ti gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Belgium láti Ládípọ̀ sí i, tòun ti gíà-bọ́ọ̀sì àti propeller rẹ̀ (ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíà-bọ́ọ̀sì lọ sí axle ẹ̀yìn). Iwájú propeller wọ gíà-bọ́ọ̀sì wẹ́kú, gígùn rẹ̀ náà dáa. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Ihò mẹ́rin ló wà lára flange méjèèjì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi bóòtù de propeller mọ́ axle, àmọ́ mo fi vernier, irin ìwọ̀n kékeré, wọ̀n ọ́n: láti àárín ihò kan sí ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 60 mm ni ti axle, 66 mm ni ti propeller. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun á fi iná fẹ ihò axle títí bóòtù á fi wọlé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, torí Third Mainland ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ń gbà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù.

Tọ́nà Ìdí-Òrò
Àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kan irin yẹn. Ìdí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin gé, ni mo dàgbà sí ní Mushin, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí gan-an, torí ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Propeller tó bá já lórí afárá lè lu tánkì epo tàbí kó já páìpù bíréèkì.

Bóòtù kọ́ ló ń mú propeller dúró ní àárín. Wo àárín flange kan, wàá rí etí roboto tó yọ síta. Èkejì ní kòtò tó gbà á. Etí yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, bóòtù kàn ń fún wọn pọ̀ ni. Tí etí ò bá wọ kòtò, tí ihò sì ti fẹ̀, propeller á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní gíà kẹrin, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni propeller ń yí: 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá fi ìdajì mílímítà péré yà, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, krọ́ọ̀sì (oríkèé tó so propeller mọ́ flange) á jẹ, bẹ́ríìnì pinion, gíà kékeré tó ń yí axle, á tẹ̀lé e.

Ìṣirò ihò náà ò tiẹ̀ gbà á. Láti igun sí igun, 60 di nǹkan bíi 85 mm, 66 di nǹkan bíi 93. Ihò tuntun á fi bíi mílímítà mẹ́rin sún síta, á wọnú ti àtijọ́. Bí a bá máa lu òmíràn, àárín ihò àtijọ́ méjì la ó lu ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, orí léètì la ó sì ti pín in, kì í ṣe ojú lásán. Irin tó nípọn gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù láàárín ihò àti etí flange.

Àmọ́ n ò ní kọ́kọ́ fọwọ́ kan axle rárá. Propeller rẹ àtijọ́ ńkọ́? Flange ìdí rẹ̀ bá axle yẹn mu látilẹ̀wá. Yọ krọ́ọ̀sì ẹ̀yìn lára méjèèjì, wọn fífẹ̀ ife rẹ̀ (irin roboto tó dé ẹnu apá krọ́ọ̀sì) àti gígùn láti ife kan sí ìkejì. Bí wọ́n bá dọ́gba, kó flange àtijọ́ sára propeller tuntun, kí o ra krọ́ọ̀sì tuntun sí i.

Mẹkáníìkì Owódé
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Bó bá di dandan láti yọ flange axle, kó má kàn tú nọ́ọ̀tì pinion láìsàmì. Nínú ọ̀pọ̀ axle, irin roboto kan wà lábẹ́ tó máa ń rún nígbà tí wọ́n bá dè é, òun ló ń pinnu bí bẹ́ríìnì ṣe máa le tó. Bí wọ́n bá dè é jù, bẹ́ríìnì á gbóná. Bó bá sì dẹ̀, axle á máa ké lójú ọ̀nà.

Awakọ̀ Ìdúmọ̀tà
Ẹ ṣeun gan-an. Propeller àtijọ́ wà nílé. Mo ti wọn krọ́ọ̀sì méjèèjì, wọ́n dọ́gba. Ṣé kí n kàn kàn án wọlé ni?

Tọ́nà Ìdí-Òrò
Má fi òòlù lu ife lórí irin líle, lo fáìsì láti fi tẹ̀ ẹ́ wọlé. Rí i pé apá tó di krọ́ọ̀sì mú níwájú àti lẹ́yìn propeller kọjú sí ibì kan náà. Bí wọ́n bá yí síra, gbígbọ̀n ò ní lọ. Lẹ́yìn náà, gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí léètì kí wọ́n yí i wò bóyá ó gún. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ra tuntun, kí 10.9, àmì bí bóòtù ṣe lágbára tó, hàn lórí rẹ̀. Rìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà, kí o tún dúró fi sípánà wò wọ́n.