Ẹ bá mi wá ìwé ìtàn kéékèèké tó ń dẹ́rù bani

ÀrẹmúYaba:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ìwé ìtàn kéékèèké ni mo ń wá, àwọn tó ń dẹ́rù bani gan-an, òkú tó ń rìn, iwin, nǹkan abàmì lóríṣiríṣi. Inú danfo ni mo ti ń kàwé, Yaba sí CMS, ẹ ṣáà mọ bí gosíló orí Third Mainland ṣe máa ń rí. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn oníwèé àlòkù lábẹ́ bíríjì Ojúẹlẹ́gba, òyìnbó ló kọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, orí ń já, ìfun ń tú síta, síbẹ̀ kí n tó dé ìtàn kẹta oorun ti gbé mi lọ, kọ̀ndọ́ ló jí mi. Ṣé ọkàn tèmi ló ti yigbì ni àbí ìwé yẹn ni ò dáa?

OníwèéÌsàlẹ̀Èkó:
Àbúrò, ọkàn ẹ ò yigbì jàre. Ta ni ẹ̀jẹ̀ lásán ń bà lẹ́rù l'Ékòó? Wá ìwé Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1849. Kọ́kọ́ ka "The Tell-Tale Heart" tó jáde ní 1843. Ọkùnrin kan pa bàbá arúgbó nítorí ojú bàbá náà kan tó ń rí i lára, ó gé òkú sí wẹ́wẹ́, ó kó o sábẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá. Ọlọ́pàá dé, ó kí wọn káàbọ̀, ó gbé àga fún wọn, ó wá gbé tiẹ̀ ka orí ibi tí òkú wà gan-an, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ló bá ń gbọ́ tí ọkàn ń lù kì kì kì nísàlẹ̀. Kò sí iwin kankan ńbẹ̀ o. Poe yìí náà ló sọ ní 1842 pé ìjókòó kan ló yẹ kéèyàn fi ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tán, ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí méjì. Gosíló tìẹ ti tó bẹ́ẹ̀.

ÌyáBọ́láSúrùlérè:
Ẹ̀ ń lọ sí Amẹ́ríkà, Amos Tutuola wà nílẹ̀! Mẹ́séńjà ni bàbá yẹn ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó níbí, wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard ẹ̀ jáde ní London ní 1952. Ẹ ka ibi tí ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ ti tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà. Wọ́n rìn díẹ̀, ọkùnrin bọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó dá a padà fún ẹni tó háyà ẹ̀ fún un, ó sanwó. Ó bọ́ ọ̀tún, ó sanwó. Ikùn, ìhà, àyà, apá, ọrùn, ó ń dá a padà ó ń sanwó, ọmọbìnrin ní òun fẹ́ padà sílé ó kọ̀, títí ó fi ku agbárí nìkan.

ẸniÌràpadà:
Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ tún máa ń ka irú eléyìí lóru? Mo ti jáde ní tèmi.

OníwèéÌsàlẹ̀Èkó:
Ìyá Bọ́lá, ẹ má bínú, nọ́fẹ̀ẹ̀lì nìyẹn, ìtàn kéékèèké ló ní òun fẹ́.

ÌyáBọ́láSúrùlérè:
Ó kọ The Village Witch Doctor and Other Stories náà ní 1990, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń dẹ́rù bani ṣá, ẹ̀rín wà ńbẹ̀. Ti agbárí yẹn sì dá dúró láàyè ara ẹ̀, kò dìgbà téèyàn bá ka ìwé yẹn tán.

Akẹ́kọ̀ọ́Akọka:
Ẹ̀yin àgbà, nǹkan kan náà lẹ jọ ń sọ o. Apààyàn ń gbé àga fún àlejò, agbárí ń san owó háyà pé, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìwà ọmọlúàbí yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí bí wọ́n bá ń bú ramúramù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọmọbìnrin yẹn ì bá ti sá. Ìdí tí ìwé Àrẹ̀mú fi mú un sùn nìyẹn, láti ojú ìwé kìíní ni wọ́n ti ń pariwo. Fágúnwà náà mọ̀ ọ́n ṣe ṣá, Agbáko, abàmì ẹ̀dá inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó fojú mẹ́rìndínlógún wò wá ní 1938 ṣì ń lé mi lójú àlá, àmọ́ ìyẹn ò fara sin, èèyàn á ti rí i lókèèrè.

ÀrẹmúYaba:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ń kọjá ní Bookshop House lọ́la, màá wo Tutuola. Ìyá Bọ́lá, bí mi ò bá rí ti 1990 yẹn ńkọ́, ṣé ẹ lè yá mi ní tiyín?

ÌyáBọ́láSúrùlérè:
Owó háyà ńkọ́?