Igbó Ọ̀ṣun tó wà l'Óṣogbo àbí ọgbà igi tó wà n'Ìbàdàn, ibo ni kí n kó àwọn ọmọ lọ?

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, Kẹ́hìndé tó jẹ́ ọmọ ọdún méje wá bi mí pé "Mọ́mì, ilé iṣẹ́ wo ló ń ṣe ewé yìí?" Ó dùn mí gan-an. Èmi tí mo dàgbà sóko, ọmọ mi ò mọ̀ pé ewé ń hù ni. Mo bá sọ fún bàbá wọn pé Sátidé tó ń bọ̀ a máa kó wọn jáde, kí ojú wọn kúrò lára fóònù, kí wọ́n lọ rí igi. Bàbá wọn ní ọgbà igi tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn la máa lọ torí pé zoo náà wà níbẹ̀, èmi ń ro owó epo, mo sì tún ń ro ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dùn, mo ní ṣé Igbó Ọ̀ṣun tó wà nílé wa níbí ò tó ni? Àmọ́ mùsùlùmí ni wá, mi ò sì wọ ibẹ̀ rí. Ìbejì, àbúrò wọn ọmọ ọdún mẹ́ta, àwa méjèèjì àti Màmá la máa lọ. Kí la máa gbé dání?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Igbó Ọ̀ṣun ni kẹ́ẹ lọ jàre. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO tó fi í sára ogún àgbáyé ní 2005 ní oríṣi ewéko tó wà níbẹ̀ lé ní 400, tí wọ́n sì ń fi ohun tó lé ní 200 nínú ẹ̀ ṣe oògùn. Ìgbà kan wà tí wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ doko, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ̀ jálẹ̀, ìjọba sì fòfin dáàbò bò ó ní 1965. Ẹ ò rí i pé a jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́. Ti mùsùlùmí tẹ́ẹ sọ, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ẹ kúnlẹ̀ fún nǹkan kan, gbogbo ẹlẹ́sìn ló ń wọ ibẹ̀. Kẹ́ẹ ṣáà ti bá àwọn ọmọ sọ ọ́ láti ilé pé wọn ò gbọdọ̀ já ewé, wọn ò gbọdọ̀ sọ òkò, ẹja inú odò yẹn náà, a kì í pa á.

Bàbá Ayọ̀:
Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ fi nǹkan pa ara nítorí ẹ̀fọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ di oúnjẹ mú lọ́wọ́ o! Ọ̀bọ ibẹ̀ kì í bẹ̀rù èèyàn. Ọmọ mi di búrẹ́dì mú, kó tó ṣẹ́jú ọ̀bọ ti já a gbà, ó ti wà lórí ẹ̀ka, ó ń bó ọ̀rá ara ẹ̀ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọ bú sẹ́kún. Ẹ gbé omi tiyín láti ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu omi odò mu, àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti dà á rú, ó ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ rí. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá dúró létí odò yẹn. Tó bá sì jẹ́ oṣù kẹjọ lẹ fẹ́ lọ, ẹ yẹra fún àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, èrò máa ń pọ̀ jù fún ọmọ kékeré.

Arìnrìnàjò Òkè-Fìà:
Ìbàdàn náà dáa, àmọ́ kì í ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Kẹ́ẹ gba Gbọ̀ngán, Ìkirè, Aṣẹ́jirẹ́, kẹ́ẹ tún padà lọ́jọ́ kan náà, ọmọ ọdún mẹ́ta á ti sunkún sú. Ẹ fi sí ìgbà ọlidé, kẹ́ẹ lè sùn síbẹ̀, kẹ́ẹ sì ra dòdò Ìkirè bọ̀.

Ìyá Alágbo Ọjà-Ọba:
Màmá tẹ́ẹ ní orúnkún ń dùn yẹn gan-an ni tíṣà yín. Ẹ bá wọn gbé àpótí kékeré kan dání, ẹ fi wọ́n jókòó sábẹ́ igi, kí àwọn ìbejì máa ṣa ewé tó bá ti já bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ wá fún wọn, kí wọ́n máa bi wọ́n pé kí lorúkọ èyí, kí la fi ń ṣe. Wọ́n á mọ akòko tá a fi ń jẹ oyè, wọ́n á mọ pèrègún, wọ́n á mọ ìyeyè. Ti ewé mọ́ínmọ́ín tí Kẹ́hìndé béèrè, eéran ni, ibi tí ilẹ̀ bá ti tutù lábẹ́ igi ńlá ló fẹ́ràn, ẹ ní kó wo ìdí ẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń so sí, èso ẹ̀ pupa, ó ní igun mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Igbó Ọ̀ṣun náà ni, bàbá wọn ti gbà. Mo ka ti Ìyá Alágbo sókè fún Màmá, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ gbé àpótí kankan, àwọn á rìn. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń bi mí bóyá ìyeyè ti so.