Kí ni mo lè fi rọ́pò èéfín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà. Mo háyà yàrá kan nítòsí Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀ níbí, mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, mo wá ń fi projẹ́tọ̀ tan ìlà ìmọ́lẹ̀ tó tò bí àpáàdì tí àwọn àgbà Ifẹ̀ fi tẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́, kí èèyàn lè rìn gba àárín rẹ̀ kọjá. Anthony McCall, oníṣẹ́ ọnà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ti ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1973. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í hàn nínú afẹ́fẹ́ lásán. Tùràrí ni mo sun, kí èéfín rẹ̀ lè gbé e hàn. Háà! Ṣe ni ìyá onílé ń wúkọ́, tí wọ́n ń bínú. Ṣé ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ omi di ìkùukùu lè tó yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, láìba projẹ́tọ̀ jẹ́? Ẹni tó bá ti dán an wò, ẹ jọ̀ọ́.