Iṣẹ́ wo ló wà fún ẹni tó kọ́ nípa ìtọ́jú igbó àti ẹranko?

Ọmọ Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gboyè nínú ìtọ́jú igbó àti ẹranko ìgbẹ́, ìsìnrúulú mi sì ń parí lọ. Ẹni tí mo bá bi á ní kí n máa dúró de ìjọba. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni? Kí ni kí n kọ́ kún un?

Baba Gẹdú: Àbúrò, iṣẹ́ ìjọba wà: ọgbà ẹranko bí Old Oyo, ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀, FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó, n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n má jókòó tì í. Láti 1992 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n yẹ àyíká wò kí wọ́n tó la ọ̀nà ńlá tàbí wa kùsà. Wọ́n sábà máa ń ka igi àti ẹranko ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó lè fi èèpo àti oje dá igi mọ̀ ni wọ́n ń tún pè.

Mọ igi wọ̀n dáadáa. Mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀ ni tépù ń wà. Bí gbòǹgbò àràbà bá ga ju ibẹ̀ lọ, gbé tépù kọjá ibi tó parí sí, kí o sì kọ gíga náà sílẹ̀. Fa ìtàkùn kúrò lábẹ́ tépù. Bí tépù bá dagun, igi á sanra lórí ìwé ju bó ṣe rí lọ.

Ìyá Máàpù: Kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé: ìpìlẹ̀ ìṣirò ibi tí wọ́n ń pè ní Minna ni ọ̀pọ̀ máàpù àtijọ́ wa ń lò, WGS84 sì ni GPS rẹ ń lò. Tí o kò bá yí i padà, ààlà igbó á yẹ̀ ní nǹkan bí 100 mítà, oko olóko á sì bọ́ sínú igbó ọba. Ìyẹn ń dá ìjà sílẹ̀! Nínú ìpín máàpù tí wọ́n ń pè ní UTM, Igbó Ọmọ wà ní ìpín 31, Cross River ní ìpín 32.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Ẹ ṣeun mà. Àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba ńkọ́?

Adélẹyẹ: NCF, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, wà ní Lẹ́kí. Bí ẹyẹ bá wù ọ́, APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos, ń kọ́ni fún oyè másítà. Kọ́ bí a ṣe ń so kámẹ́rà tó ń dá ya àwòrán ẹranko mọ́ igi: gíga orúnkún ni. Gé koríko iwájú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ewé ni yóò máa yà títí bátìrì á fi kú. Má kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, dárúkọ igbó tí o ti ṣiṣẹ́ àti ohun tí o wọ̀n níbẹ̀. "Mo fẹ́ràn ẹranko" nìkan kò tó.