Ẹ gbà mí: A1C mi (àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní awọ apá mi ò dáa

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò fojú kan oorun lánàá. Wọ́n ní kí n gbé apá lé ẹ̀rọ kan. Iná tàn sí awọ mi lábẹ́, kò tó ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní èsì mi ga, pé àtọ̀gbẹ lè ba ojú, kíndìnrín àti ọkàn mi jẹ́ tó bá yá. Abẹ́rẹ́ kankan ò kàn mí o! A1C mi oṣù tó kọjá, 6.4 ni. Dókítà yẹn ò tiẹ̀ wò mí lójú, kọ̀ǹpútà ló ń wò. Ọkọ mi wá ní mò ń jẹ nǹkan dídùn ní kọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ṣé kí n gba ẹ̀rọ yìí gbọ́?

Adé: Mà, ọdún mélòó ni àtọ̀gbẹ ti wà lára yín?

Ìyá Ìbejì: Mò ń lo oògùn mi déédéé.

Bàbá Kọ́lá: Irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa. Ta ló ń mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láì gúnni?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń wò. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ kolájìn, ìyẹn purotéènì tó ń gbé awọ ró, ohun tó ń dà, tí wọ́n ń pè ní AGE, á sì máa tàn yanran bí irú iná yẹn bá kàn án. A1C ò rántí ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ, torí ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wò, sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í sì í pẹ́ ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Kolájìn awọ ń lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí A1C fi lè dáa kí ti awọ ga. Ṣùgbọ́n awọ tó dúdú gan-an máa ń gbé iná náà mì, ìpara náà sì ń da èsì rú. Ṣé ẹ para lọ́jọ́ náà?

Ìyá Ìbejì: Mo para. Ṣé kí n jáde ní fífunfun ni?

Bàbá Kọ́lá: Ẹ ò rí i! Ìpara ni!

Ọmọ Màmá: Màmá mi náà ní ara òun le. Ìgbà tó ń gbé fóònù jìnnà, tó tún ń gbé e súnmọ́ imú, la tó mọ̀ pé ojú ti ń lọ. Ẹ lọ yẹ ojú yín wò.

Adé: Mà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Ìyá Ìbejì: Ọdún 14. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, mi ò gbà pé mo ní in, mi ò lo oògùn kankan. Ṣé inú yín ti dùn báyìí? Kẹ́ ẹ má baà ní mo fi nǹkan pamọ́: lọ́jọ́ Ẹtì, mo bọ́ bàtà, ẹ̀jẹ̀ ló wà lára ìbọ̀sẹ̀ mi. Òkúta kékeré kan ti wà nínú bàtà látàárọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Mà! Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn lọ sílé ìwòsàn lónìí, ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ẹ má sì fi nǹkan ha ojú egbò náà. Kí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oní-giramu 10 tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò bóyá ẹ ṣì ń mọ nǹkan lára níbẹ̀, kí wọ́n wo ojú yín, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀.

Bàbá Kọ́lá: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìyá Ìbejì, ẹ máa lọ.

Ìyá Ìbejì: Wọn ò yẹ ìtọ̀ mi wò rí. Egbò náà ti ń rùn díẹ̀. Ọkọ mi ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.