Àkáǹtì wo ni kí n ṣí fún àbúrò mi?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin ti pé ọdún 17, ó ń lọ sí yunifásítì ní Lọ́kọ́ja, àwa sì wà ní Kabba níbí, mo fẹ́ kó ní àkáǹtì tiẹ̀ kó yé fi tọ̀rẹ́ ẹ̀ gbowó. NIN ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo bi báǹkì kan, wọ́n ní kò tíì pé 18, àfi kí òbí bá a ṣí i, màmá wa sì rèé, ẹ̀rù jìbìtì ò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ gbọ́ BVN sétí. Mo ro ti àkáǹtì orí fóònù náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jí fóònù ọ̀hún ńkọ́? Ṣé kí n bẹ màmá ká ṣí i báyìí, àbí ká dúró kó pé 18? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an.